Ooru Ara Bátìrì

Nígbà tí Jàmíù ti alùpùpù oníná tuntun náà wọ àgbàlá rẹ̀ ní Adja-Ouèrè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣàkírátù, ìyá rẹ̀, ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tí ń ro ó lórí ẹní. Ó gbójú sókè.

"Jàmíù, ṣé kẹ̀kẹ́ yìí kò ní ohùn ni?"

"Kò ní, Ìyá. Kì í mu epo, kì í tú èéfín, kì í sì í pariwo."

"Ìyàwó, o gbọ́? Ọkọ rẹ ti rí ohun kan nínú ilé yìí tí kì í fèsì."

Sàlímátù, ìyàwó Jàmíù, rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Bàbá Màríámù, ẹ kú oríire. Ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ràṣídì tó tà á fún mi ní yóò dé lẹ́yìn. Ohun tó gba ọ̀nà igbó wọlé kì í gbé ìwé dání. Epo inú ìgò tí à ń rà létí títì láti ọjọ́ yìí, ta ló ti bi í ní ìwé rí?"

Àwọn ará ẹnu ibodè ti fi ọjà tí kò ní ìwé jẹun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà pé ìwé kò wúlò fún ohunkóhun.

Sémìjáàn ni Jàmíù, alùpùpù ló fi ń kérò. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ dúdú ọ̀nà Tatonnonkon a máa lẹ̀ mọ́ táyà bí àtè. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo sémìjáàn a ti alùpùpù wọn bọ odò títí omi yóò fi kan ìjókòó, wọn a sì fọ̀ ọ́. Bí Jàmíù ti ń ṣe sí ti elépo nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí èyí. Ràṣídì kò sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ti dé ilé, ó ń yọ bátìrì náà nítorí olè, ó ń gbé e sí yàrá iwájú níbi tí ìyá rẹ̀ ń sùn, ó sì ń fi í gba iná láti ara wáyà tí wọ́n fà wá láti ilé aládùúgbò.

Ìyá ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ń móoru.

Nígbà èwe rẹ̀, wọ́n a máa yọ òkúta lẹ́nu ààrò, wọn a fi aṣọ wé e, wọn a sì gbé e ti oríkèé tó bá ń dunni. Ìyá mú ògbólógbòó ìró kan, ó fi wé bátìrì náà, ó sì gbé orúnkún tì í.

"Ọmọ mi ra kẹ̀kẹ́," ló wí, "ó bá mi ra oògùn."

Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín ládùúgbò. Bàbá Àlàgbé, tí ilé wọn jọ kángun síra, a máa ké láti ẹ̀yìn ọgbà pé, "Jàmíù, ìgbà wo ni yóò kan orúnkún tèmi?"

Ní Ọjọ́bọ̀, Oyèkẹ́mi wá gba aṣọ tó fún Sàlímátù rán. Ọ̀dọ́bìnrin yìí kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ní Pobè, alùpùpù oníná ló sì ń tún ṣe. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ṣùgbọ́n kò parí ìkíni náà.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò."

Ó fa wáyà yọ lára ògiri, ó sì tú ìró náà.

"Àǹtí Sàlímátù, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti wú. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti là á rí tí wọ́n sì fi àtè lẹ̀ ẹ́ padà. Bátìrì àlòkù ni wọ́n kó sínú páálí tuntun. Kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sì ní nọ́ńbà. Ohun tí ẹ fi ń gba iná sí i gan-an kì í ṣe tirẹ̀."

"Kí wá ni ooru yẹn?" Sàlímátù bi í.

"Àìsàn ni. Omi odò ti wọnú rẹ̀. Ó lè gbiná nígbàkúgbà, yálà ó wà lẹ́nu iná mànàmáná tàbí kò sí níbẹ̀."

Òun àti Sàlímátù gbé e jáde, wọ́n gbé e jìnnà sílé.

Nígbà tí Jàmíù dé, ó bá bátìrì náà nínú òjò wínníwínní. "Ta ló gbé ohun tí mo fi ń jẹun síta?"

"Oyèkẹ́mi ló ní..."

"Oyèkẹ́mi tó fẹ́ kí n lọ rà á níbi tó wọ́n! Lọ́jọ́ Sátidé, n ó gbé e tọ Ràṣídì lọ. Títí dìgbà náà, mo ní láti ṣiṣẹ́."

Ó gbé e wọlé padà. Sàlímátù rí ẹ̀gbẹ́ tó wú náà. Ó mọ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì dákẹ́, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé obìnrin kì í bá ọkọ rẹ̀ jiyàn lórí irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Jímọ̀ ni. Jàmíù ti fi bátìrì náà sẹ́nu iná kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ìyá sì ti tún gbé orúnkún tì í. Màríámù ọmọ wọn wà níléèwé. Sàlímátù ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ ohun kan tó ń dún bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ igbe Ìyá.

Nígbà tó fi fà á jáde, ìró náà ti jó mọ́ orúnkún arúgbó náà. Àwọn aládùúgbò gbé garawa omi dé. Oyèkẹ́mi sáré wọ àgbàlá.

"Ẹ dúró! Ẹ pa iná mànàmáná níbi tó ti wá ná! Ẹ má sún mọ́ èéfín yẹn! Ẹ pe panápaná!"

Kí wọ́n tó dé, yàrá náà ti jó tán.

Jàmíù lọ bá Ràṣídì. Ràṣídì kò bínú, kò sì gbóhùn sókè.

"Kẹ̀kẹ́ ni mo tà fún ọ, n kò ta iná. Níbo ni orúkọ mi wà?"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì bi Jàmíù ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ṣe bátìrì náà, ta ló kó o wọ̀lú, ìwé wo ló fi hàn pé alùpùpù náà jẹ́ tirẹ̀? Gègé wà lọ́wọ́ ọ̀gá náà; títí Jàmíù fi jáde, ojú ìwé wà lófìfo.

Nílé ìwòsàn, Ìyá di ọwọ́ Sàlímátù mú.

"Ìyàwó, má bá ọkọ rẹ jà. Ooru yẹn tù mí lára."

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó jáde láyé.

Lónìí, Sàlímátù ń fi ẹ̀rọ àyálò ránṣọ, nítorí tirẹ̀ ti jó mọ́ yàrá náà. Kò sẹ́ni tó wá wọn aṣọ tí Sàlímátù kì í bi pé, "Níbo lẹ ń gbé bátìrì yín sí?" Kì í dákẹ́ mọ́.

Alùpùpù oníná kò jẹ̀bi. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó tà á láìní orúkọ, àti àṣà wa tó sọ pé ohun tó bá ti pọ́ọ́kú ti dára. Ẹ ra alùpùpù yín lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sójú ìwé tí yóò fún yín, tí ó sì lè fi ìwé aṣọ́bodè hàn yín. Láìsí ìwé wọ̀nyẹn, ẹ kò ní rí káàtì giríìsì gbà, ìwé ìjọba tó ń fi hàn pé alùpùpù jẹ́ tiyín. Ìjàǹbá tó bá sì ṣẹlẹ̀, orí yín nìkan ni yóò dá lé. Ẹ má tì í bọ odò. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ohun tó bá a wá ni kí ẹ fi gba iná sí i, níta, lójú yín, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn. Bí ó bá wú, bí ó bá ń rùn, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ̀yin ìyàwó, bí ẹ bá rí i, ẹ sọ ọ́, kódà bí olówó orí yín bá bínú.

Bátìrì tó bá sì ń móoru láìdáwọ́ dúró kì í ṣe oògùn orúnkún. Iná ni, ó ń múra sílẹ̀ ni.