Orúkọ Karimat Lórí Iṣẹ́ Rìlwánù

Àpò iyẹ̀pẹ̀ méjì ni Rìlwánù gbé dání lọ́jọ́ tí Karimat kọ́kọ́ rí i ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà kan bi í bóyá ilẹ̀ ti tán nílùú rẹ̀ ni. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Ó ṣàlàyé pé olùkọ́ yunifásítì lòun, iyẹ̀pẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ Omifunfun lòun ń yẹ̀ wò. Ẹ̀rín yẹn ló wọ Karimat lọ́kàn.

Ọmọ Alhaji Sàídù onímọ́tò ni Karimat, ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí. Lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Omifunfun, móínmóín gbígbóná lọ́wọ́. Rìlwánù a máa walẹ̀, òun a jókòó lábẹ́ igi kòkó, wọn a jọ máa tàkúrọ̀sọ. Karimat kò fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ náà rí. Ẹbí méjèèjì ti mọra, ó ku kí wọ́n so yìgì.

Ìfẹ́ náà ló kó bá wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní fún Karimat ní ìgbéga àfi tó bá ní iṣẹ́ nínú jọ́nà, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ ìwádìí wọn sí. Rìlwánù bá rọra kọ orúkọ Karimat mọ́ tirẹ̀ lórí iṣẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà. Àwọn kan a máa fún ìyàwó ní wúrà, tirẹ̀ rèé.

Àfi bí olóòtú jọ́nà ṣe kọ̀wé sí Karimat lórí fóònù: ipa wo ló kó nínú iṣẹ́ náà?

"Sọ pé ìwọ lo kó iyẹ̀pẹ̀," Rìlwánù wí. "Olólùfẹ́ mi, ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

Jàmíátù ìyá Karimat ní kó bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí. Karimat fẹ́ràn ọkùnrin náà dé egungun. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mọ́ iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ kò bá a ṣe ní òdo. Ẹ̀rù sì ń bà á pé irọ́ yìí ni yóò di àkọ́bí àwọn. Ó kọ̀wé padà sí olóòtú pé òun ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Wọ́n dá iṣẹ́ náà padà. Yunifásítì pe Rìlwánù síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n dá ìgbéga rẹ̀ dúró. Ẹbí rẹ̀ ní obìnrin tí kò lè bo ọkọ láṣìírí kò lè gbé ilé àwọn. Rìlwánù ò bá Karimat jà, ó kàn ṣíwọ́ wíwá sí Ọ̀rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé ó ti so yìgì pẹ̀lú ẹlòmíràn ní Ìlọrin.

Karimat wá ń dá jẹun. Tó bá se móínmóín, ó máa ń pọ̀ jù. Ó dá wà, ó sì ń dùn ún.

Lọ́dún kejì, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ ní gáréèjì nígbà tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fi iṣẹ́ ìwádìí kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ iyẹ̀pẹ̀ Omifunfun ni. Orúkọ Rìlwánù nìkan ló wà lókè. Karimat kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń dúpẹ́.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Karimat Sàídù, tó máa ń gbé móínmóín gbígbóná wá bá mi lóko, tó sì sọ òótọ́."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Alhaji Sàídù bi í pé kí ló dé.

"Wọ́n ti fi orúkọ mi sí àyè rẹ̀, Bàbá."

Ọlọ́kadà ọjọ́sí tó fi iyẹ̀pẹ̀ Rìlwánù ṣẹ̀fẹ̀ dúró níwájú Karimat, ó bi í bóyá Omifunfun ló ń lọ. Karimat ní rárá.