Ìṣísẹ̀ Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ẹnu Feronia ni mo ti gbọ́ ọ, Feronia kì í sì í fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bí ẹja mọ́kàndínlọ́gọ́rin bá wà lórí okùn, mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni yóò pè é. Kò ní sọ pé ọgọ́rin ni kó lè dùn létí. Nítorí náà, ohun tó bá ní òun rí, ó rí i. Èyí tí kò rí, kò sọ pé òun rí i.

Lọ́dọọdún, tí ẹja pupa bá ti ń wọ odò, ẹni méjì láti ilé wọn ní ń sọdá omi lọ sí Sulak, níbi tí ahéré èéfín wọn wà. Wọ́n á la ẹja, wọ́n á fi kọ́ sórí okùn, wọ́n á fi èéfín sí i fún ọjọ́ méjìlá. Ẹja yẹn ni ilé ń jẹ títí yìnyín yóò fi yọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Waska ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ̀ ṣubú nínú ọkọ̀ ojú omi. Itan rẹ̀ ṣẹ́. Ìbọn tó gbé kọ́ èjìká bọ́ sínú òkun. Màmá Oleana, ìyá àgbà wọn, ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyá tó bí wọn sì ti kú nígbà òtútù. Kò sí ẹlòmíì. Bí Feronia kò bá lọ, kò sí oúnjẹ. Bí ó bá sì lọ láìní ìbọn gidi lọ́wọ́, gbogbo erékùṣù Kodiak ló mọ ohun tó ń gbé inú koríko gíga Sulak.

Ó gba ilé Bàbá Zakar lọ. Apẹja àgbà ni, òun ló ń tún ìbọn ṣe fún abúlé. Ìbọn mẹ́ta wà lórí tábìlì ìdáná rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù tíì.

"Mú èyí." Ó ti èyí tó tóbi jù sí i, 375 ni wọ́n ń pè é. Ọta rẹ̀ gùn ju ìka àárín Feronia lọ. "Á gba igi kọjá, á tún gba ohun tó sá sẹ́yìn igi kọjá."

"Èmi ńkọ́? Ṣé kò ní gba èmi náà kọjá?"

"Ẹ̀yìn ìbọn lo máa wà, ọmọ yìí."

"Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù, bàbá."

Wọ́n lọ sétí omi. Zakar ri pákó kan mọ́lẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kò fẹ̀ ju àwo ńlá lọ. Feronia yin 375. Ọta àkọ́kọ́ bu etí pákó jẹ. Ìdí ìbọn sì gbá a léjìká bí ìgbà tí màlúù bá tàpá. Nígbà kejì, ojú rẹ̀ ti pa dé kó tó yìn ín. Iyanrìn ló fọ́n sókè. Ẹ̀kẹta wọ inú omi.

"O ti pa òkun," Zakar wí. "Kú iṣẹ́ o."

Ó gbé èkejì, 30-06, tó fúyẹ́. Zakar fún un ní ọta tí orí rẹ̀ wúwo jù nínú irú rẹ̀, èyí tí kì í tètè fọ́ lára egungun. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta láìmí. Àtẹ́lẹwọ́ kan bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ó kéré."

"Ìbọn ńlá tó ń tàsé, ariwo lásán ni."

Zakar yọ fìlà, ó họ orí. "Kó o rántí fa irin tó ń ti ọta wọlé yìí dé ẹ̀yìn pátápátá," ló wí. "Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn fà á dé ẹ̀yìn."

Ní abúlé wọn, ẹni tó ń yan ìbọn kì í sọ ohun tó fẹ́ fi yìn. Á ní òun ń wá nǹkan tí yóò pariwo, tàbí òun ń wá ọ̀pá ìtìlẹ̀. Wọ́n ní ẹranko inú koríko náà ń gbọ́, níbikíbi tó bá wà. Feronia mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe nílùú, ibẹ̀ sì ni ó ti kọ́ ọ pé bí o kò bá dárúkọ ìwọ̀n, nọ́ọ̀tì kò ní wọlé. Nígbà tí wọ́n padà sídìí tábìlì, ó ní:

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Béárì tó bá wọ inú ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi, mo máa yìn ín. Èjìká ni mo máa yìn. Tí kò bá ti wọ ọgbọ̀n, èmi àti ẹ̀ ò ní ìjà."

Zakar ń da tíì lọ́wọ́. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀.

"O ti dárúkọ ẹ̀. O tún fún un ní ìwọ̀n."

"Ta ló gbọ́ ọ, bàbá?"

Bàbá náà dìde. Ó lọ ti fèrèsé. Kò sí afẹ́fẹ́ níta.

*

Ọkọ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Sulak, ó yí padà. Feronia dúró, ó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà, ìró omi. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

Lọ́dún tó kọjá, Waska ń fi ohùn burúkú kọrin látàárọ̀ títí di alẹ́, Feronia sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó panu mọ́. Báyìí, ọ̀bẹ tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó la ẹja, ó kọ́ ọ, ó dáná. Ó gbé ìbọn ti ẹnu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí ojú ẹsẹ̀ lórí iyanrìn dúdú. Ẹsẹ̀ béárì dà bí ẹsẹ̀ ènìyàn tó wú. Ó ti inú koríko wá tààrà sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Níbi tó dúró sí, iyanrìn tẹ̀ wọlé gbàgàdà, bí ẹni pé nǹkan ńlá jókòó síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó padà lọ.

Kò ya ọ̀dọ̀ ẹja. Ẹja tútù kún ahéré èéfín, òórùn rẹ̀ gba gbogbo etí omi, kò tilẹ̀ yà wò ó. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ara Feronia balẹ̀. Béárì tí kò bá ti ìtorí ẹja wá, kí ló bá wá?

Ó fi gìgísẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kẹta, ó tún wá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tún wá. Ojú kan náà ló ń jókòó sí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ihò inú iyanrìn náà ti ń jìn. Feronia kò sì gbọ́ ìró kankan rí, bẹ́ẹ̀ ni oorun rẹ̀ kì í wúwo.

Nírọ̀lẹ́, ó máa ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí rédíò ọwọ́. Ó sọ fún Waska.

"Ó fẹ́ fẹ́ ọ ni," Waska wí. "Ká ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹrù ìdána."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ kan."

"Kí ló wá mú wá ná?"

"Ara ẹ̀." Feronia wo fèrèsé. Funfun ni gbogbo rẹ̀. "Kùrukùru ti bo ibí, Waska. Mi ò lè rí ọgbọ̀n mọ́. Ogún ni mo máa lò. Tó bá wọ ogún, mo máa yìn ín."

Láàárọ̀, ó jáde, ó kà á. Mọ́kànlélógún.

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ogún lálẹ́ àná. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọgbọ̀n àkọ́kọ́ sì rèé, ilé Zakar ló ti sọ ọ́, lódìkejì omi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Oleana gba rédíò lọ́wọ́ Waska.

"Ọmọ mi, má dárúkọ iye kankan fún un mọ́."

"Màmá, ta ló ń gbọ́ mi?"

Rédíò ń hó ṣìì.

"Ṣé o ti jẹun?" ìyá àgbà náà bi í.

Feronia kì í ṣe ẹni tí í fọwọ́ lẹ́rán. Bí nǹkan náà bá ń gba ìwọ̀n, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìwọ̀n. Ó kọjú sí ògiri. Ojú ń tì í, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọgọ́rùn-ún," ló wí.

Láàárọ̀, ó gba etí omi lọ, ó ń kà. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún, ìṣísẹ̀ kan sí i, ihò wà nínú iyanrìn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lọ bá òkè, ó padà wá, ó pẹ́ jù kó tó dé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹgbẹ̀rún," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, iyanrìn tẹ́jú láti ẹnu ọ̀nà dé etí koríko. Kò sí ẹsẹ̀ kankan. Ó yẹ kó dùn mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, ó wá rí i pé òun ń gbé ojú sókè ṣáá, òun ń wo ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lójú ọ̀sán gangan, béárì ọmọdé méjì já jáde láti inú koríko. Béárì lásán ni wọ́n, oníwọra, tí kò mọ̀wà á hù. Wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ ahéré èéfín, wọ́n fa okùn já. Feronia yìnbọn sókè. Wọ́n sá, wọ́n dúró, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n tún padà. Ó yìn ín sílẹ̀ níwájú wọn, iyanrìn fọ́n sí wọn lójú. Wọ́n wọ inú koríko. Kò jìnnà tí wọ́n wọ̀ sí. Ó ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń jẹun.

Ẹja mẹ́tàlélógún ló lọ. Ìgbà náà ló tó yé e. Ní gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń jókòó sínú iyanrìn yẹn fi ń wá, kò sí ohun tó fọwọ́ kan ẹja. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pàápàá kò wá.

Ó ṣọ́ ahéré mọ́jú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ sì ti ń pa dé lórí ìdúró. Bó bá sùn, ilé kò ní jẹun. Bó bá yìn wọ́n pa, òórùn ẹ̀jẹ̀ yóò pe àwọn mìíràn.

Kùrukùru tún wọlé nírọ̀lẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Koríko ń mì níbi tí àwọn méjì náà wà. Ó la ẹnu láti sọ pé ọgbọ̀n, kí ẹni yẹn lè padà wá.

Kò sọ ọ́. Ó ń wo ìbọn ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀, kò tíì sọ nǹkan mìíràn fún un ju ibi tí òun yóò ti pa á lọ. Ẹni yẹn sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń wá kí i.

Ó fa irin ìbọn dé ẹ̀yìn. Ọta kan bọ́. Ó tún fà á, ó tún fà á, títí márààrún fi wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìró wọn pọ̀.

"Mi ò ní ìwọ̀n mọ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn lọ. "Jókòó síbi tó bá wù ọ́."

Koríko dẹ́kun mímì. Lẹ́yìn náà, àwọn béárì ọmọdé méjèèjì bẹ́ jáde, wọ́n sá gba apá òkè, wọn kò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ ìró wọn títí ó fi jìnnà.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri pákó. Ó pẹ́ díẹ̀. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ wá dún, bó ṣe máa ń dún tí ẹrù wúwo bá fara tì í. Kò mira. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí gba inú pákó wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan ń mí. Ó ń mí jẹ́jẹ́.

Feronia sọ fún mi pé òun sùn. Ó ní òun kò sùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyá òun ti kú.

*

Ọjọ́ kejìlá ni Zakar gbé ọkọ̀ wá. Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, èémí rẹ̀ ń yọ funfun. Ó wo ẹja, ó ti gbẹ, ó pọn dáadáa. Ó wo iyanrìn iwájú ilé, ó tẹ́jú. Ó rí ọta márùn-ún lórí tábìlì.

"Ẹni yẹn ńkọ́?" ó béèrè.

Feronia fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé. Zakar yí lọ síbẹ̀. Koríko ti tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ìdí ògiri, irun pupa gígùn há sí àárín pákó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó. Ó yọ ọ́ kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ààrò, ó wò ó, ó tún rọra gbé e padà. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà.

Wọ́n kó ẹja sínú ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n dé àárín omi ni Zakar tó la ẹnu.

"Feronia, ìṣísẹ̀ mélòó lo..."

Feronia fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Omi ló yí wọn ká. Kò sí etí kankan níbẹ̀ ju tiwọn lọ, síbẹ̀ kò mú ọwọ́ náà kúrò títí wọ́n fi rí èéfín abúlé.

Nígbà tó délé, kò kọ́kọ́ jẹun. Ó wọ́ ibùsùn rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó wọ́ ọ lọ ti ògiri tó kọjú sí òkè, níbi tí òtútù ti ń wọlé jù. Waska ní ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Màmá Oleana kò bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí yìnyín ti bọ́ síta, ìyá àgbà náà wá dúró létí ibùsùn yẹn, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó ògiri, ó di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó kúrò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó yáná. Ó lọ po tíì, kò sì sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnikẹ́ni.