Ìbọn Tó Mọ́ Jù

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, wọ́n bá òkú ọmọ ogun kan nínú yàrá ìbọn. Ọta ti wọ ọ́ láyà, ìbọn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn ò tíì mú tí ọ̀gá bárékè fi ní ó pa ara rẹ̀ ni.

"Ojo ni," ó sọ fún ìyá olóògbé. "Ẹ máa gbé e lọ. A kì í yìnbọn ìyẹ́sí fún irú wọn."

"Ọmọ mi kì í ṣe ojo, ọ̀gá."

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àwọn ológun, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbéèrè, fa àga fún un. "Ẹ jókòó, ìyá. Ẹ má tíì gbé e."

Ó wo ọ̀gá náà láti orí dé ẹsẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ti kọjá lórí gbogbo aṣọ ara rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ nìkan ni kò kàn.

Dókítà ti ní ìbọn yẹn gan-an ló pa á. Kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án látìgbà tí wọ́n ti rí òkú. Ìyá Ìbéèrè ti aṣọ funfun bọ ẹnu ìbọn náà. Aṣọ náà jáde bó ṣe wọlé, òróró nìkan ló ń rùn.

Ó pe ọmọ ogun tó ń bá olóògbé gbé yàrá.

"Mo gbọ́ pé ẹ jà lánàá."

"Ó ní mò ń hanrun jù ni, mà. Ṣé èèyàn ń pa ẹnìkejì torí ìyẹn?"

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn?"

"Ọ̀gá wa, àti Sájẹ́ńtì tó ń tọ́jú ìbọn."

Ọ̀gá fò fẹ̀rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Mo ti sùn!"

"Oorun náà ò tíì dá lójú yín, sà."

Sájẹ́ńtì wọlé, ó dúró gbọnyin.

"Ìbọn yìí mà mọ́ o," ni Ìyá Ìbéèrè wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. "Ìbọn kì í dọ̀tí lọ́wọ́ mi, mà. Mi ò lè rí èérí níbẹ̀ kí n sùn."

"Tí wọ́n bá yìn ín, kí ló ń kù sínú rẹ̀?"

"Èérí ètù, mà. Dúdú..." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ funfun náà.

"Òkú kì í nu ìbọn, Sájẹ́ńtì. Ká ní ọ̀lẹ ni ọ́ ni, àṣírí rẹ ì bá má tú."

Sájẹ́ńtì bọ́ fìlà rẹ̀. "Ó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń kó ọta níbí láti tà fún àwọn adigunjalè. Ó ní òun á sọ. Mo já ìbọn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yìn ín. Kí n tó mọ̀, mo ti nù ún tán. Mo wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Mo ti fura tẹ́lẹ̀," ni ọ̀gá bárékè wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá olóògbé."

Wọ́n yin ìbọn ìyẹ́sí náà. Ìyá olóògbé kò gbójú sókè wò ó. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, òun ni wọ́n sin.