Ta Ló Kọ́ Fréjus?

"Ẹ wá wo ọmọ tó ń wọ aṣọ ìwọ̀sùn jà!"

Fréjus ló pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Aṣọ júdò funfun tó yọ lẹ́nu àpò Chérifatou ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Chérifatou ti aṣọ náà padà sínú àpò. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ àdúgbò tí Fréjus kò tíì lù. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ìjà. Ẹrù ọjà tó ń rù àti ìjà ìgboro ló sọ ọ́ di alágbára. Chérifatou ní tirẹ̀ ti ń kọ́ júdò láti ọdún méjì sẹ́yìn lọ́dọ̀ Ọ̀gá Félix, tó ń tún alùpùpù ṣe nítòsí ibẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ Ọ̀gá Félix ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé júdò jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánrawò.

Chérifatou fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n Reine, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ṣé ijó lo wá lọ ń kọ́ fún ọdún méjì ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á lára. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀.

Fréjus kò dúró kó múra. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lójú, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ lé e. Nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kì í bu iyẹ̀pẹ̀ síni lójú! Ìbẹ̀rù mú kí Chérifatou di apá tó tún ń bọ̀ mú, ó yí ìbàdí sábẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìwúwo Fréjus gbé e ṣubú. Gbì! Kíá ló ti fi apá ká a lọ́rùn.

Ní júdò, ẹni tí ara bá ń ni á fọwọ́ lu ilẹ̀ tàbí ara ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì, pá-pá. Wọ́n á tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìjánu ìjà nìyẹn. Chérifatou ń dúró de pá-pá. Fréjus ń ya á léèékánná, ó ń ta ẹsẹ̀. "Ó ṣì ń jà," ni Chérifatou rò. "Bí mo bá tú u, á pa mí."

Lójijì, ọwọ́ Fréjus rọ bọ̀rọ̀jọ̀.

"Yéè! Ó ti kú! Ẹ sá!" Reine ló kọ́kọ́ ki eré mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn fọ́nká.

Ẹsẹ̀ Chérifatou fẹ́ bá wọn lọ. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó wo ojú Fréjus, kò lè sá. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó sì figbe ta: "Ọ̀gá Félix! Ẹ gbà mí o!"

Ọ̀gá Félix sáré dé tòun ti epo alùpùpù lọ́wọ́. Ó tẹ́tí sí imú Fréjus. Ṣe ló dà bíi pé ayé dúró. Lẹ́yìn náà Fréjus húkọ́, ó lajú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

"Èé ṣe tí o kò tú u sílẹ̀?" ni Ọ̀gá Félix bi Chérifatou.

"Kò fọwọ́ lu ilẹ̀, Ọ̀gá. Mò ń dúró dè é ni."

"Ta ló kọ́ Fréjus pé kó fọwọ́ lu ilẹ̀?"

Chérifatou tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára Fréjus.

Wọ́n gbé Fréjus lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ̀yìn náà ni Ọ̀gá Félix mú àwọn méjèèjì lọ sílé Fréjus. Albertine, ìyá Fréjus, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko rẹ̀ ní Ofè dé. Chérifatou kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Obìnrin náà kò pariwo. Ó rọra fọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀.

"Bí kò bá wá jí ńkọ́, ọmọ mi?" ló bi Chérifatou.



Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú kò da nǹkan fún ni. Ẹni tó mọ ìjà ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò níbi ìjà, nítorí òfin tí ẹnìkejì ẹni kò mọ̀ kò lè gbà á là.