Orí Tó Ń Fọ́ ní Sọ́ńdè Nìkan

"Kí ló dé tí orí yín kì í fọ́ ní Mọ́ńdè?"

Títílọpẹ́ ló bi Ọládàpọ̀, ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn ní Agbowó, aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú.

Sọ́ńdè karùn-ún nìyí. Láti Mọ́ńdè dé Jímọ̀, á fi Máíkírà rẹ̀ kó èrò láti Mọníyà dé Dùgbẹ̀, kò ní ráhùn. Tó bá ti di Sọ́ńdè, orí á máa lù kìkì.

"Gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn wá," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi nínú tiẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Safiyyah, aládùúgbò wọn, gbọ́ láti yàrá kejì. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde tọ Ọládàpọ̀ wá.

"Bàbá Ẹ̀rí, ta ló yẹ̀ yín wò?"

"Wọ́n tún ń yẹ ẹ̀fọ́rí wò ni?"

"Ẹ na ọwọ́." Ó wọ̀n ọ́n. "Ẹ̀jẹ̀ yín ò ru rárá. Oògùn yìí á já a wálẹ̀ jù, òòyì á kọ́ yín. Ṣé nídìí sítíárìn, pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú ọkọ̀, lẹ fẹ́ dákú sí?"

"Kí ló wá ń ṣe mí?"

Safiyyah jókòó. Ó ti pinnu pé òun ò ní dìde láìmọ̀ ọ́n.

"Ọpọlọ wa ní àwọn ìránṣẹ́ tó ń sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó fẹ̀ tàbí kó fún. Ọ̀kan ń jẹ́ adẹnosíìnì. Ó ń mú oorun kun ojú, ó sì ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí fẹ̀. Ohun tó wà nínú kọfí máa ń dí i lọ́nà. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, tó wá dáwọ́ dúró lójijì, ìránṣẹ́ yẹn á ráyè jíṣẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣan á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ orí, orí á máa lù. Kọfí mélòó lẹ ń mu?"

"Kọfí kẹ̀? Èmi tí n kì í mu tíì! Omi ni."

"Àwọn ohun mímu inú agolo tó ń lé oorun ńkọ́?"

"Rárá."

Títílọpẹ́ pòṣé. "Nọ́ọ̀sì, ìwé yín tán síbẹ̀ nìyẹn o."

Pẹ̀lú orí fífọ́, Ọládàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ hàn, ó pọ́n láti ìkángun dé ìkángun.

"Ẹ má panu dé!" Safiyyah fò dìde. "Obì gbànja!"

"Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi ń lé oorun lójú títì ni. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, alẹ́ Jímọ̀ ni mo ti ń fi í sílẹ̀, kí n má baà gbé ẹnu obì wọ ilé Olúwa. Ó di òwúrọ̀ Mọ́ńdè kí n tó tún jẹ ẹ́."

"Ohun tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ obì, tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn láé. Bí orí bá sì ṣàdédé fọ́ yín burúkú, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan ara rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ dárúkọ obì.