Àga Gbígbóná Inú Píjò Ṣóbándé

Ọdún kan gbáko ni ẹnì kankan kò fi jókòó sínú Píjò Ṣóbándé, ṣùgbọ́n nígbà tí Fọláwẹwọ́ gbé ìdí lé àga awakọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, àga náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn ni. Abẹ́ òrùlé ni ọkọ̀ náà wà o, tàpólì sì bò ó látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ohun tó ti ń wù ú láti ogún ọdún kì í bá oòrùn jiyàn.

Ọjọ́ kan náà ni òun àti Ṣóbándé wọ iléeṣẹ́ oníke ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń dúró tì, àdúgbò kan náà ni wọ́n kọ́lé sí, ilé kẹta síra wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì á rò pé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ṣóbándé ní Píjò 404 kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, jíà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, kìnnìún kékeré sì wà níwájú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni Ṣóbándé máa ń fọ̀ ọ́, á kó ìyàwó àtọmọ sínú rẹ̀, wọ́n á gba ọ̀nà Ìdíròkò lọ sí Àtàn lọ ra ọsàn. Fúnra rẹ̀ ló máa ń bó ọsàn náà fún wọn. Èèpo rẹ̀ kì í já, okùn kan gbọọrọ ni, á sì ká a sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí inú ọkọ̀ lè máa ta sánsán. Tó bá ti dé ẹnu géètì, á tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ará ilé fi máa ń tú jáde.

Orí àga rẹ̀ ni Fọláwẹwọ́ ti máa ń gbọ́ fèrè náà, oúnjẹ á sì korò lẹ́nu rẹ̀. Nílé tirẹ̀, tó bá kan géètì báyìí, tẹlifíṣọ̀n á kú, kálukú á wọ yàrá lọ. Ó rò ó títí, ó rí ibi tí ìyàtọ̀ wà: mọ́tò ni. Tí òun bá ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ mọ́ òun náà.

Ìgbà tó di ìrántí ọdún kan ikú Ṣóbándé, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì nínú ọgbà, oníkálukú ń dìde sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Hafeez, mẹkáníìkì rẹ̀, ní òun kò tíì rí ẹlòmíràn tó máa ń sọ pé "pẹ̀lẹ́" fún ẹ́ńjìnnì kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Adéjọkẹ́, opó rẹ̀, wá sọ pé òun kò lè máa wo ọkọ̀ náà mọ́. Ó bèèrè bóyá ọkọ òun sọ fún ẹnikẹ́ni nípa ẹni tó fẹ́ kó ni ín.

Fọláwẹwọ́ dìde. Ó nu ojú tí kò sí omi níbẹ̀, ó kọjú sí àwòrán.

"Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó kú, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, 'Ohun tó jẹ́ tèmi, tìrẹ ni. Ohun tó jẹ́ tìrẹ, tèmi ni.' Ó ní kí n gba Píjò."

Ṣóbándé kò sọ ohun tó jọ ọ́ rí. Gbólóhùn kejì yẹn gan-an, ọ̀ṣọ́ lásán ni Fọláwẹwọ́ fi ṣe, kí ọ̀rọ̀ lè dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lọ. Nígbà tó jókòó, Hafeez tẹ̀ sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú wọn lẹ ti sọ ọ́ o."

Fọláwẹwọ́ ní àwòrán kò létí. Adéjọkẹ́ bu omi sí ife, ó ta á sí táyà iwájú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wọn tí nǹkan òkú bá ń kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ó rọra sọ̀rọ̀ sí ọkọ̀ náà bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìtẹ́, a ti gbọ́ àdéhùn yín. Ẹ bá wa mú un ṣẹ." Ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Fọláwẹwọ́.

Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn fún ọdún kan jí ní ìgbà kan ṣoṣo tó yí i. Ó wà á dé ẹnu géètì rẹ̀, ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n kú. Bíọ́lá, ìyàwó rẹ̀, yọjú ní fèrèsé, ó kí i kú oríire, ó sì padà wọlé.

Látìgbà náà, tó bá ti jẹun àárọ̀ tán ní Sátidé, ó ti jáde nìyẹn. Á wà á lọ sí Tólùgéètì, á wà á gba Jọjú kọjá, kí ojú lè rí i. Ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé.

Ní Sátidé kẹta, Bíọ́lá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó ní òun dúpẹ́ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná tó tún ṣe, èyí tó ti ń jò láti ọdún méjì. Fọláwẹwọ́ lọ wò ó. Kò jò mọ́. Ẹlòmíràn á bèèrè ọ̀rọ̀. Òun dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Ní Sátidé kẹrin, Àdúràolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀, ní ìṣirò tí Dádì kọ́ òun lọ́sàn-án ti yé òun. Ìyẹn náà, ó gbà á.

Ní Sátidé karùn-ún, èèpo ọsàn wà lórí tábìlì. Okùn kan gbọọrọ ni, kò já, ó ṣì tutù. Bẹ́ẹ̀, Fọláwẹwọ́ kò lè bó ọsàn kó má fi ọ̀bẹ ya àtàǹpàkò.

"Ta ló bó ọsàn?"

Bíọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín, Dádì Àdúrà. Ta ló ń bó o fún wa ní gbogbo Sátidé?"

Ohun tó ti ń ta á láyà fún ogún ọdún tún ta á, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ilé kẹta mọ́. Ẹ̀rín Bíọ́lá ń dún létí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, ó wa ọkọ̀ náà lọ bá Adéjọkẹ́. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó gba nǹkan rẹ̀ padà. Obìnrin náà kò ṣí géètì ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

"Bàbá Àdúrà, ẹnu yín la ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ mi kì í yẹ àdéhùn." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Gbogbo Sátidé ló máa ń wá sójú àlá mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé mọ́tò lọ ló ti dáwọ́ dúró. Mo rò pé ó ti sinmi ni."

Fọláwẹwọ́ padà sínú ọkọ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ràn gan-an, ṣùgbọ́n àga tó ti ń gbóná lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní tutù bí irin.

Ilé méjì péré ló kọjá kó tó dé tirẹ̀. Láti àlàfo ara géètì, ó rí ọkùnrin kan lórí àga rẹ̀ ní fàràǹdá, ó kẹ́yìn sí i, bùbá aláwọ̀ búlúù tí Fọláwẹwọ́ fi ń sùn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bíọ́lá fara ti èjìká rẹ̀. Ohun kan gùn gbọọrọ láti ọwọ́ ọkùnrin náà wá sílẹ̀, ó ń yí, kò já.

Ó tẹ fèrè. Lẹ́ẹ̀mejì. Ó sinmi. Lẹ́ẹ̀kan.

Kò sẹ́ni tó tú jáde. Nígbà tó ṣe, Àdúràolúwa wá sí géètì, ààbọ̀ ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún àlejò.

"Ẹ káàsán, sà."

"Àdúrà, èmi ni."

Ọmọ náà wò ó dáadáa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Dádì mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ dá mọ́tò padà. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ tiwọn, tiyín ni."

Fọláwẹwọ́ dúró kó sọ ìyókù. Àdúràolúwa tún kúnlẹ̀, ó pa géètì dé, ó sì ti irin ìdènà bọ̀ ọ́ láti inú.