Inú Rírun Tí Kì Í Ṣe Ti Inú

Aránṣọ ń rán ọrùn aṣọ oníbàárà kan láàárọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ká jọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Òógùn bò ó. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, inú ń run mí o."

"Ibo nínú inú?"

"Inú ṣáà ni, nísàlẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ wà níjòkòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún un, kò sí inú tó run ládùúgbò tí kì í bá wọn fún lórúkọ.

"Apẹ́ńdíìsì ni! Bó ṣe mú mi gan-an nìyẹn. Àbúrò, fún un lóògùn tó ń fọ inú, ká wò ó dọ̀la."

Aránṣọ pa ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò ní fọmọ mi dán nǹkan wò. Ọsibítù là ń lọ báyìí."

Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn ọmọ náà, ikùn rọ̀. Ó bi í bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ìtọ̀ ń ta á, ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan dì mú. Ó ní kí ìyá dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé díẹ̀.

Kò pẹ́ tí aránṣọ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀: "Màmá ní ẹni tó bá dárúkọ abẹ́, àwọn á fata sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì, ẹpọ̀n mi ló ń dùn mí. Apá kan ti wú."

Ojú ti aránṣọ gidigidi. Òun ló kọ́ ọ pé "inú" ni kó máa pe gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdodo.

Dókítà sáré dé. "Kóró ẹpọ̀n rẹ̀ kan ló lọ́, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Aago méje, sà," ni ọmọ náà dáhùn.

"Aago mẹ́wàá ti lù. Tó bá fi ju wákàtí mẹ́fà lọ, kóró náà lè kú mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ abẹ la máa ṣe fún un báyìí."

"Ẹ gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i, sà," ni aránṣọ wí.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, wọ́n tú ibi tó lọ́. Ẹ̀jẹ̀ tún rìn, kóró náà yè.

Ẹ̀yin òbí, òtútù àyà, àrùn ojú ìtọ̀, ìgbẹ́ líle, kókó tó wú nínú ikùn lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, ilé ẹyin tó lọ́ lára ọmọbìnrin, gbogbo wọn ló lè jọ apẹ́ńdíìsì. Iṣẹ́ dókítà ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má fún ọmọ lóògùn ìfọnú nílé. Ẹ wo aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ ọsibítù.

Wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àmọ́ ọmọ tí ẹ ti fata dẹ́rù bà kò ní sọ ọ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n lè dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara wọn láìtijú, lónìí yìí, kó tó di pé nǹkan dùn wọ́n.